Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Abẹ́ Òkun

Ìwé pélébé tí wọ́n pín níbi ìsìnkú Baba Àgbà sọ pé olóòótọ́ èèyàn ni. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Mo kà á, ẹ̀rín pa mí, àǹtí mi tó jókòó tì mí sì fi ìgúnpá gún mi níhà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ àti orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kó lọ wá ìwé pélébé yẹn. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá tí mo mọ̀, ẹni tó tọ́ mi ní Ìlá látìgbà tí mi ò tíì lè fọ abọ́, tó kẹ́ mi débi tí àwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ fi ń jowú mi, tó sì wá fi ọ̀rọ̀ kan lé mi lọ́wọ́ kó tó lọ, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò lè sọ. Mo ń bínú sí i. Mo sì ń sunkún rẹ̀ láràárọ̀. Méjèèjì ò dí ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo àlejò wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ilé Baba Àgbà ò ní ilẹ̀kùn. Ti ìta wà, nítorí olè, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wọ inú ilé, kọ́tìnnì ni gbogbo ẹ̀: yàrá, ilé ìdáná, títí kan balùwẹ̀. Ó ti tú àwọn ilẹ̀kùn kúrò lára férémù kí wọ́n tó bí mi, ó kó wọn sẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ wọn. Nígbà tí mo di ọmọge, mo ní dandan, mo fẹ́ ilẹ̀kùn. Mo sunkún, mo yọ ṣùtì, mo kọ oúnjẹ. Baba lọ ra kọ́tìnnì tó nípọn bí kúbùsù, ó fi há ẹnu yàrá mi, ó ní kí n wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni lè rí mi.

"Baba, ojú ń tì mí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ojú tó bá tì máa ń là padà, Àbẹ̀kẹ́. Lọ jẹun."

Nígbà kan ó bá ìjọ jà nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Àwọn olùkọ́ ọmọdé máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn kíláàsì wọn nígbà ìsìn, kí àwọn ọmọ má bàa máa sáré ká inú ọgbà. Baba gbọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú sípánà, ó tú gbogbo ìdè ilẹ̀kùn náà, ó gbé e sórí kẹ̀kẹ́, ó gbé e wá sílé wá bá àwọn adìyẹ. Pásítọ̀ wá bá a, ọ̀rọ̀ pọ̀. "Baba, àwọn ọmọ á máa sá jáde." Baba ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Kí wọ́n máa sá jáde. Ẹni tó ń sá jáde, ó ṣì wà láàyè." Pásítọ̀ wò mí bíi pé kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn.

Ìlá kì í ṣe ìlú olómi. Odò tó wà lágbègbè wa, ẹni tó bá ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún ti là á kọjá. Ṣùgbọ́n òmòòkùn ni Baba Àgbà, nítorí náà ni ìlú ṣe ń pè é ní Baba Òkun. Ní Èkó, nígbà tó wà ní géńdé, ó máa ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, á fi ẹnu há rọ́bà tó fi ń mí, á sì wọ ìsàlẹ̀ òkun lọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ṣe ń wọ oko kòkó. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù ni ti àwọn ọkọ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì. Ọkọ̀ ìpẹja tó ti gbó, tí ẹni tó ni ín ti pa tì, wọ́n á fọ epo inú rẹ̀ dànù, wọ́n á wọ́ ọ lọ sójú òkun níbi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìkì iyanrìn, wọ́n á sì jẹ́ kó rì síbẹ̀. Baba ní ẹja ò fẹ́ràn gbangba, ibi tó máa sá pamọ́ sí ló ń wá, bíi tèèyàn. Kò ní pẹ́ tí ìkarahun á fi lẹ̀ mọ́ irin, ewé omi á hù, àwọn ẹja kéékèèké á kó wọlé, kúta àti àwọn ẹja ńlá mìíràn á tẹ̀lé wọn, àwọn apẹja á sì máa rí nǹkan pa. Òun àtàwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló ń pèsè ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó tó rì. Wọ́n á yọ àwọ̀n, wọ́n á yọ wáyà, wọ́n á yọ gbogbo ilẹ̀kùn, kí ohunkóhun má bàa há sínú rẹ̀. Tó bá ti rì tán, wọ́n á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó bóyá ó jókòó dáadáa.

Ìtàn yìí ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo rántí pé mo bi í pé, "Baba, ta ló wá ń san owó ilé fún ẹja?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Baba náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹja kì í san nǹkan kan. Àwa là ń san án."

Síbẹ̀, ọkùnrin tó lè fi odindi ìrọ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ ẹja yìí kì í jẹ ẹja. Ẹ bù ú sínú ọbẹ̀ lásán, á gbé abọ́ náà tì. Ẹran, ẹyin, wàrà, ó ń jẹ gbogbo ẹ̀. Ìyàwó tuntun kan nínú ẹbí fi edé gbígbẹ sínú ẹ̀fọ́ fún un rí, kò mọ̀. Baba fi ẹnu kàn án, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́yìnkùlé títí oúnjẹ fi tutù. Ìyàwó náà ń sunkún. Baba padà wá, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Kì í ṣe ọbẹ̀ rẹ, ìyàwó mi. Ọ̀nà ọ̀fun mi ni."

Ohun mìíràn tó tún ń yà wá lẹ́nu ni ti àtàǹpàkò. Ẹ ò gbọ́dọ̀ na àtàǹpàkò sókè sí Baba Àgbà. Àwọn olóṣèlú ń nà án lára pátákó, àwọn ọmọ ń nà án bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, Baba á yíjú. Nígbà tí mo ra fóònù fún un, mo fi àtàǹpàkò fèsì ọ̀rọ̀ tó kọ sí mi, bí gbogbo ayé ti ń ṣe. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Mo rò pé ẹnìkan ti kú. "Àbẹ̀kẹ́, tí o bá gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, kọ ọ́ pé o gbọ́. Má nàka yẹn sí mi mọ́ láyé." Mo ní ẹ má bínú, mo sì yọ ṣùtì sí fóònù nígbà tó gbé e sílẹ̀. Àgbàlagbà tó ní nǹkan lára pọ̀ báyìí, ṣé kéèyàn máa ka gbogbo ẹ̀ ni?

Kí ẹ má bàa rò pé òǹrorò ni, ẹ gbọ́. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí. Tí mo bá ti jẹgba nílé ìwé, tí mo ń sunkún, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀, á gbé ọwọ́ lé mi láyà, á ní, "Mí síta ná. Gbogbo èèyàn ló mọ bí wọ́n ṣe ń mí sínú." Ó sì lófin kan tó mú wá láti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀: ẹni méjì ló ń wọ omi pọ̀, ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ jáde. Ó sọ ọ́ di òfin ilé. Èmi àti ọmọ àǹtí mi lọ Òkè-Ìlá fún ìnáwó kan, a jà lọ́nà, mo bínú gun ọ̀kadà wálé, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Baba ò na mí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí n kọjá. Ó ní, "Ta lo bá lọ?" Mo dárúkọ rẹ̀. "Lọ mú un wá." Òòrùn ń wọ̀, mo ń ké, mo padà lọ mú un wá. Gbogbo ojú rẹ̀ ti wú nítorí ẹkún, nítorí ó rò pé mi ò ní padà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Ìyá Ìgbájọ wàyí, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù lọ. Ìyàwó Dàpọ̀ ni. Dàpọ̀ ni àbúrò tí Baba Àgbà tọ́ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, tó mú dání lọ Èkó, tó sì kọ́ níṣẹ́ òmòòkùn. Ó kú kí wọ́n tó bí mi. Ìgbájọ ni wọ́n ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ wá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Inú agboolé wa ló ṣì ń gbé, kò fẹ́ ọkọ mìíràn. Sàréè Dàpọ̀ wà níwájú ilé, lábẹ́ igi ọsàn, Ìyá Ìgbájọ sì ń gbá a kó tó gbá ojúlé tirẹ̀.

Ohun tí a mọ̀, tí gbogbo Ìlá mọ̀, ni pé mọ́tò ló pa Dàpọ̀ lẹ́yìn Ọ̀tan Ayégbajú nígbà tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ láti Èkó. Ráúfù ló wa mọ́tò náà, ọ̀rẹ́ Baba Àgbà láti kékeré, ọmọ Mùsùlùmí kan ní àdúgbò kejì. Wọ́n ní eré àsápajúdé ló ń sá, ó kó sí kòtò, Dàpọ̀ nìkan ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ mọ́tò Ráúfù mọ́. Tó bá dé gáréèjì, àwọn èrò á bọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá á fa ọmọ wọn sẹ́yìn tó bá ń kọjá. Nígbà tó yá, ó ta mọ́tò náà, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ rán an lọ Mẹ́kà, gbogbo ìlú ń pè é ní Alhaji, àfi Ìyá Ìgbájọ. Ìyá Ìgbájọ ń pè é ní Ráúfù Apààyàn, ó sì máa ń ṣépè fún un lójú ara rẹ̀. Alhaji á dúró, á gbọ́ ọ tán, á kí i, á máa lọ.

Lọ́dọ̀ Alhaji yìí gan-an ni Baba Àgbà ti ń rán gbogbo aṣọ rẹ̀. Ìyá Ìgbájọ rí i lọ́dún Àjíǹde kan, ó wọ bùbá tuntun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ tó pa àbúrò yín ló wọn èjìká yín un. Ẹ kú ọdún o."

Baba dúró gbọnin. "Ìyàwó, ọwọ́ yẹn mọ́."

"Mọ́ bíi ti ta?"

Baba gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìgbájọ ò kí i fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ agboolé kan náà ni wọ́n ń gbé. Mo bínú sí Baba fún un. Mo ní kí ló dé tó ń gbè sẹ́yìn ẹni tó pa àbúrò rẹ̀? Mo ní kí ló le nínú kó wá télọ̀ mìíràn? Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹnu ẹ mú ju ọjọ́ orí ẹ lọ."

Èmi náà wá di òmòòkùn. Kì í ṣe fún iṣẹ́, fún ìgbádùn ni. Mò ń gbé Èkó, mo rí àwọn kan tí wọ́n ń kọ́ni, mo sanwó, mo kọ́ ọ, mi ò sọ fún Baba nítorí mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé wa lọ sójú òkun, níbi tí àwọn ọkọ̀ ìpẹja àtijọ́ wà nísàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí fún ẹni tí kò débẹ̀ rí. Etí mi dí, mò ń gbọ́ èémí ara mi, omi dúdú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ yọ níwájú mi, ó tóbi bí ilé, ìkarahun ti bò ó láti òkè délẹ̀, àwọn ẹja ń wọlé wọ́n ń jáde bí àwọn ọmọ ilé ìwé. Inú mi dùn débi tí mo fi ń rẹ́rìn-ín nínú rọ́bà. Mo ń sọ nínú mi pé, "Baba Àgbà, mo ti rí àwọn ayálégbé yín o." Ẹni tó kọ́ mi ya fọ́tò mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kan lára ọkọ̀ náà, ilẹ̀kùn onígíláàsì roboto tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́.

Mo gbé fọ́tò yẹn lọ Ìlá, inú mi ń dùn bí aṣiwèrè. Baba jókòó sórí àga rẹ̀ nínú pálọ̀. Ó gba fóònù náà, ó fà á súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó fà á padà. Èmi ń retí kó pariwo. Ojú mi kọ́ ló ń wò.

"Ilẹ̀kùn yìí," ó wí. "Ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà níbẹ̀, ó ṣí díẹ̀, ó há síbẹ̀, kò ṣeé ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mo mọ̀ pé kò ṣeé ṣí."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé àìsàn ló kì í mọ́lẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú. Ọ̀sán gangan ni, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù níta, Ìyá Ìgbájọ ń gún iyán lójúlé kejì, à ń gbọ́ odó. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi.

Ọkọ̀ yẹn, Baba fúnra rẹ̀ ló yẹ kó yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n yọ gbogbo èyí tó kù. Ìdè ti ìyẹn ti dípẹtà, òjò ń bọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ń kánjú, Baba ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun á gé e nísàlẹ̀ tó bá ti rì. Wọ́n rì í. Òun àti Dàpọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Dàpọ̀ wọlé síwájú rẹ̀. Omi gbé ilẹ̀kùn, ó pa á dé, ó sì há. Baba fà á, ó fi ẹsẹ̀ ti ara ọkọ̀ fà á, kò gbà. Dàpọ̀ ń tì í láti inú. Afẹ́fẹ́ àwọn méjèèjì ń tán lọ. Baba rí ojú rẹ̀ nínú gíláàsì roboto yẹn. Dàpọ̀ sì na àtàǹpàkò sókè, ó fi lé gíláàsì. Nísàlẹ̀ omi, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó dára. Ó túmọ̀ sí pé máa lọ sókè.

"Mo lọ," Baba wí. "Mo gòkè lọ mú sílíńdà mìíràn àti ọ̀pá irin. Mo padà wá. Mo fọ́ gíláàsì, mo fi ọ̀pá ṣí i díẹ̀, mo fà á jáde. Àwọn ẹja ti wà níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Kíákíá báyẹn. Wọ́n ti wà níbẹ̀."



Ẹ mọ̀ bí ó ṣe rí nílé wa, àti nínú ọ̀pọ̀ agboolé. Ẹni tí omi bá pa, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí. Wọn kì í gbé e wọ̀lú, ká má tíì sọ pé kí wọ́n sin ín sójúlé. A ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì látayébáyé, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ òkú omi, kò sí Kristẹni nínú àwọn àgbà wa. Baba mọ̀ pé tí òun bá sọ òtítọ́, iyanrìn etí òkun ni Dàpọ̀ máa sùn sí, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ò ní mọ̀ láéláé. Ló bá lọ bá Ráúfù, tó ń fi mọ́tò kó èrò láàárín Ìlá àti Èkó. Ráúfù gbé òkú náà sínú mọ́tò. Nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀tan, ní ìdájí, àwọn méjèèjì ti mọ́tò náà sí kòtò, wọ́n sì pariwo pe èèyàn. Baba nìkan ló wẹ òkú náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

"Ráúfù rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni," ó wí. "Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ní tí ilẹ̀ bá ti tutù, màá sọ ọ́."

Mo bi í léèrè ohun tó ti ń gbóná lọ́kàn mi látìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. "Baba, ṣé nítorí kí wọ́n lè sin àbúrò yín sílé lẹ ṣe parọ́ yìí, àbí kí ẹnikẹ́ni má bàa béèrè nípa ilẹ̀kùn?"

Ó mú fóònù nílẹ̀, ó nù ún sára aṣọ rẹ̀. "Mo ti bi ara mi títí. Mi ò rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀."

Ó ní kí n bá òun sọ fún Ìyá Ìgbájọ tí òun bá ti lọ, kí Ráúfù lè rí orúkọ rẹ̀ gbà padà kó tó kú. Mo kọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tí mi ò gbóhùn sókè sí i báyẹn rí. Mo ní ẹ̀yin lẹ pa á mọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ tú u sílẹ̀, ẹ má fi mí ṣe ẹnu yín. Mo ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá, ẹ jẹ́ kó bá yín lójú ayé. Ó mi orí. Ó ní ó dáa, lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ọjọ́ Àìkú dé. Ó ránṣẹ́ pe Alhaji. Alhaji wá, ó jókòó sórí pèpéle níta nítorí Ìyá Ìgbájọ ò ní jẹ́ kó wọlé. Ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ funfun, ó mọ ìdí tí wọ́n fi pè é. Ìyá Ìgbájọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Baba Àgbà dúró láàárín wọn, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ òjò tí kò tètè dé. Ó sọ̀rọ̀ kòkó. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ Alhaji lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń sọ nínú mi pé mí síta, Baba, mí síta. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

Alhaji ló dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó dé fìlà. "Ó ti tó, ọ̀rẹ́ mi. Lọ sinmi." Ó kí Ìyá Ìgbájọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kí, ó lọ. Baba wọlé, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú lójú oorun.

Wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dàpọ̀, bó ti fẹ́. Pósí ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, àwọn akọrin ti kọ orin tán, pásítọ̀ ń ṣí ìwé, nígbà tí Alhaji dé. Òun nìkan ló wá. Ìyá Ìgbájọ rí i, ó dìde láàárín àwọn obìnrin agboolé, ó lọ dí i lọ́nà.

"O ti pa ọ̀kan, o wá wo èkejì?"

Alhaji ṣí fìlà. Ó tẹ orí ba, ó sì ń yí padà. Mo rí i pé ó fẹ́ lọ. Ó fẹ́ gbé ẹ̀bi náà lọ sílé lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ti ń gbé e lọ láti gbogbo ọdún yìí, kó sì gbé e wọ sàréè tirẹ̀.  Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ìyá, òun kọ́ ló pa á! Òkun ló pa Dàpọ̀!"

Bàbá tó bí mi, ọmọ Baba Àgbà, ní, "Àbẹ̀kẹ́, pa ẹnu ẹ mọ́!" Mi ò pa á mọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lójú pósí, ọkọ̀, gíláàsì, kòtò Ọ̀tan. Imú mi ń ṣàn. Nígbà tí mo parí, pásítọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé. Àgbà kan nínú agboolé bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Òkú omi la ti ń bá gbélé láti ọjọ́ yìí?" Ìyá Ìgbájọ ò wo ibi tó wà. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan sàréè ọkọ mi, màá bọ́ra sí ìhòòhò níwájú rẹ̀." Àgbà náà fà sẹ́yìn.

Ìyá Ìgbájọ wá kọjú sí mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ta ló yẹ kó yọ ilẹ̀kùn náà?"

 Mo na ọwọ́ sí pósí.

Ìyá Ìgbájọ wo pósí náà pẹ́. Ó ní, "Ẹ dí ihò yẹn. Kò ní sùn ti ọkọ mi." Àwọn ọmọ Baba bú sẹ́kún, àwọn kan ń bínú, àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́. Alhaji ló sún mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Gbogbo èpè tí mo ń ṣẹ́, o ń gbọ́ ọ?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Kí ló dé tí o ò fèsì?"

"Ẹ ní láti rí ẹni tí ẹ máa bínú sí. Ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló kù fún yín nínú ilé yìí. Tí ẹ bá tún bínú sí òun náà, ta lẹ máa bá gbé?"

Ìyá Ìgbájọ jókòó sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde nínú sàréè, pẹ̀lú aṣọ dúdú tuntun lára rẹ̀. Ó sunkún bíi pé òní ni ọkọ rẹ̀ kú. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe tán, ó nu ojú. Ó ní kí wọ́n sin Baba Àgbà síbẹ̀, kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Dàpọ̀. Ó wá gbójú sókè wo ọkùnrin tó ti ń pè ní apààyàn láti ìgbà èwe rẹ̀.

"Alhaji," ó wí, "ẹ wọlé. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ lé e."

Pásítọ̀ wo bàbá mi, bàbá mi wo ilẹ̀. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀. Alhaji bọ́ bàtà, ó súnmọ́ etí sàréè, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ kún ọwọ́ méjèèjì. Ó dúró pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ kó tó jù ú sílẹ̀.

"Gbà á, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti gbé e tó."